Ajá Tó Jókòó Sídìí Àpò Ìyá Rìsì

Àkùkọ kò tíì kọ lẹ́ẹ̀kejì tí mo fi gun ọ̀kadà kúrò ní Ajue, níbi tí mo ti lọ kí bàbá mi tó ń dáko kòkó, tó sì ń ṣọdẹ. Ẹgbàá náírà ni ọlọ́kadà gbà dé Ore, kòtò ọ̀nà náà sì jẹ́ kí n mọ iye eegun tó wà ní ìdí mi. Ní gáréèjì, mo jẹ pupuru. Ẹ̀yin ará Ìsẹ́yìn, ẹ má rò pé fùfú ni o: ẹ̀gẹ́ tí wọ́n rẹ, tí wọ́n ṣù róbótó, tí wọ́n sì yan lórí iná kí wọ́n tó lọ̀ ọ́ ni. Ó dùn, ṣùgbọ́n èéfín rẹ̀ kì í bọ́ lára aṣọ bọ̀rọ̀.

Ìyá Rìsì, oníṣòwò pupuru kan, ló jókòó tì mí nínú bọ́ọ̀sì Ìbàdàn. A kò tíì rìn jìnnà tí àwọn agbófinró dá wa dúró, wọ́n ní ká kó ẹrù sílẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn fa ajá tí wọ́n fi ń wá igbó mímu. Nígbà tí ọkùnrin náà dé ìdí àpò Ìyá Rìsì, ó dúró, ó tẹjú mọ́ ọn, ó fa okùn díẹ̀. Ajá gbójú sókè wò ó, ó sì jókòó, bí ajá wọn ti máa ń ṣe bó bá gbóòórùn igbó.

"Mama, na you get this bag? Follow us go office. Dog no dey lie."

Ìyá Rìsì bú sẹ́kún. "Ẹ gbà mí o! Àlàájà ni mí! Kí ni mo fẹ́ wí fáwọn ọmọ mi?" Ọkùnrin náà ti nawọ́ sí ìró rẹ̀.

Inú bí mi. Ọmọ ọdẹ ni mí. Bí ajá bàbá mi bá ń gbóòórùn, bàbá mi kì í wo ibi tí òun fúnra rẹ̀ fura sí. Ó ní ajá tó bá ti ń wo ojú olówó rẹ̀ kò ní lo imú mọ́.

"Ọ̀gá, ẹ dúró," ni mo wí. "Obìnrin ni òfin ní kó yẹ ara obìnrin wò. Ẹ tú àpò náà níbí, lójú gbogbo wa. Ṣùgbọ́n ká kọ́kọ́ da àwọn àpò pọ̀, kí ẹlòmíràn tí kò mọ ti Ìyá fa ajá náà."

"Who you be? Lawyer?"

"Èrò ọkọ̀ ni mí."

Gbogbo èrò pariwo pé bẹ́ẹ̀ ni kí wọ́n ṣe. Ariwo náà ló mú ọ̀gá wọn, obìnrin kan, sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ wọn lókèèrè. Kó tó dé, a ti da àpò mẹ́jọ pọ̀. Ó gbọ́ ẹjọ́ wa, ó ní kí ọkùnrin náà kẹ́yìn sí wa, ó gba okùn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló fa ajá kọjá. Ajá kò tilẹ̀ ṣíjú wo àpò kankan.

Ó ní kí Ìyá Rìsì fi àpò rẹ̀ han òun, ó sì tú u fúnra rẹ̀. Pupuru ni, láti òkè dé ìsàlẹ̀.

"Ìyá, ẹ má bínú," ni ó wí. "Ẹ máa lọ."

Háà, ẹ wá gbọ́ híhó! Dírẹ́bà ń fọn fèrè ọkọ̀ bí ẹni gbé ìyàwó, inú mi sì dùn dé eegun. Nígbà tá a dé Ìbàdàn, kọ̀ńdọ́ ọkọ̀ fẹ́ bá Ìyá Rìsì gbé àpò, ìyá náà kọ̀. Ó gbé e lé orí fúnra rẹ̀, ó ní, "Ẹ jẹ́ kí gbogbo ayé rí i pé èmi ni mo ni ín."

Ìrọ̀lẹ́ ni mo wọ Ìsẹ́yìn. Ohun tí mo kọ́ rèé, ẹ̀yin ará ilé: ẹ má bá agbófinró jà, ẹ má sì sá. Ẹ bọ̀wọ̀ fún un, kí ẹ dúró ti ẹrù yín títí wọn ó fi tú u lójú yín. Ajá kò jẹ̀bi. Ẹni tó di okùn mú ni ká bi léèrè.