Aṣọ Ìpò Lára Ògiri

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí àwọn àgbà bá fẹ́ sọ̀rọ̀ tí wọ́n á ní kí n lọ gbálẹ̀ ẹ̀yìnkùlé, aṣọ kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tú ilé wa ká ní Lọ́kọ́ja yìí. Ẹ gbé fóònù yẹn sílẹ̀, ẹ fetí sí mi. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi kìmónò, aṣọ gbalaja àwọn ará Japan, hàn mí nínú fóònù bí ẹni pé mi ò rí irú rẹ̀ rí, ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ fojú kàn án ni ẹkún fẹ́ pa mí.

Ìyá bàbá mi, Màmá àgbà, ń gbé lọ́dọ̀ wa ní àdúgbò Karaworo. Ọmọ Bùnú ni, ahunṣọ sì ni. Ní ilé tiwọn, tí ẹni ńlá bá kú, aṣọ pupa kan tí wọ́n ń pè ní ìpò ni wọ́n ń ta sí iwájú ilé rẹ̀. Ẹni tó bá ti rí i kò ní bèèrè ohunkóhun mọ́, ẹkún ló kàn. Màmá àgbà ti hun tirẹ̀ sílẹ̀. Ó ra bùláńkẹ́ẹ̀tì pupa, ó tú òwú rẹ̀ jáde díẹ̀díẹ̀, ó fi hun ún, ó ká a sínú àpótí. Bàbá mi mọ̀, ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin mọ̀. Ìyá mi ni kò mọ̀. Ọmọ Ígálà ni ìyá mi, òdìkejì odò ni wọ́n ti gbé e wá, kò sì sí ẹni tó jókòó tì í kó ṣàlàyé aṣọ fún un.

Obìnrin ará Japan kan wà nílùú nígbà náà, ọkọ rẹ̀ wà lára àwọn tó ń la ojú ọ̀nà. Ó gba yàrá kan nínú ilé àtijọ́ kan nítòsí gbàgede Paparanda, ó kùn ún funfun, ó ní òun fẹ́ kí àwa ará ìlú wá wo àwọn kìmónò tí ìyá òun fi sílẹ̀ fún òun. Ṣùgbọ́n kò fẹ́ kó jẹ́ tòun nìkan. Ó ní kí oníkálukú mú ohun tí ará ilé rẹ̀ fi ọwọ́ ṣe wá. Àwọn Nupe gbé abọ́ idẹ wá, àwọn Ẹ̀bìrà mú aṣọ wá, àwọn kan gbé ẹní àti apẹ̀rẹ̀. Màmá àgbà ti lọ sí abúlé, bàbá mi wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ìlú mìíràn. Ni ìyá mi bá ṣí àpótí. Ó fẹ́ fi ìyá ọkọ rẹ̀ yangàn ni o! Nínú gbogbo aṣọ tó wà níbẹ̀, ó wo èyí tó dára jù, ó mú un.

Èmi náà tẹ̀ lé e lọ. Wọ́n ti ki igi bọ àwọn kìmónò lápá méjèèjì, wọ́n gbé wọn kọ́ gbalaja, ẹyẹ funfun ọlọ́rùn gígùn wà lára ọ̀kan. Aṣọ tiwa ni obìnrin náà fún ní ojú tó dára jù, ògiri tó kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Inú ìyá mi dùn, ó ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo èèyàn.

Ìyá kan láti Bùnú ló ń kọjá lọ sọ́jà. Ó wo inú ilé, ó rí aṣọ, ó rí ìyá mi nídìí rẹ̀, ó sì mọ ilé tí a ti wá. Ó sọ ẹrù sílẹ̀, ó ká ọwọ́ lérí. "Yéè! Ìyá ti lọ!"

Ó sáré gba ilé wa lọ, kí a tó délé, ilé ti kún. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ń yí nílẹ̀. Ìyá mi ní, "Ta ló kú?" Ẹ̀gbọ́n bàbá mi fò dìde. "O gbé ìpò ìyá mi síta, o wá ń bi mí pé ta ló kú?" Nígbà tó wá hàn pé Màmá àgbà kò kú, mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Áà, ìgbà yẹn gan-an ló bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní ìpò tó bá ti gòkè kì í sọ̀ kalẹ̀ lọ́wọ́ òfo. Wọ́n ní ọmọ Ígálà yìí ti fi ikú pe ìyá ọkọ rẹ̀. Wọ́n da ẹrù ìyá mi síta, wọ́n ní kó máa lọ sódò lọ wọkọ̀, kó fi èmi sílẹ̀. Mo di ìró rẹ̀ mú. Ẹ̀rù bà mí débi pé mo tọ̀ sára.

Inú ariwo yìí ni ọkọ̀ abúlé já Màmá àgbà sílẹ̀. "Ọ̀kún o," ó kí wọn. "Ta ni ẹ ń sunkún?" Ìyá mi kúnlẹ̀ sínú iyanrìn. "Màmá, èmi ni mo gbé aṣọ yín lọ. Mo ní kí ayé rí iṣẹ́ ọwọ́ yín ni. Mi ò mọ̀, Màmá."

Màmá àgbà ní, "Ṣé wọ́n tiẹ̀ tẹ́ ẹ dáadáa? Ṣé kò wọ́?"

Ó ní kí dírẹ́bà tó gbé òun wá tún gbé òun lọ síbi tí aṣọ náà wà. Àwa yòókù sáré tẹ̀ lé e. Obìnrin ará Japan yẹn tẹ̀ ba fún un títí orí rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan orúnkún. Màmá àgbà lọ síbi kìmónò, ó fi ìka méjì yẹ etí rẹ̀ wò, ó ní ọwọ́ ẹni tó hun ún mọ́. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí aṣọ tirẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo dúró sí. Ẹ̀rù ń bà á, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín.

Ó ní kí wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀. Gbogbo wọn sún sẹ́yìn. Ìyá mi nìkan ló lọ sọ ọ́. Màmá àgbà gbà á, ó ró o lé ìró ara rẹ̀. "Ìyàwó mi, bá mi fún un le." Ìyá mi bá a fún un, omijé ń dà lójú rẹ̀. Ni Màmá àgbà bá yíjú sí wọn. "Ẹ wò mí dáadáa. Òkú kì í dìde ró aṣọ. Ẹni tó bá tún pe ọmọ yìí ní apànìyàn, èmi àti onítọ̀hún ni." Aṣọ yẹn ló wọ̀ gba ìta Paparanda kọjá lọ́sàn-án gangan, tí àwọn èèyàn ń sá fún un.

Kò tán níbẹ̀ o. Tí Màmá àgbà bá ti húkọ́ báyìí, gbogbo ojú á lọ sára ìyá mi. Ní òjò ọdún yẹn, ibà dá Màmá àgbà dùbúlẹ̀, ẹ̀gbọ́n bàbá mi sì wá jókòó sí ẹnu ọ̀nà láìbá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ìyá mi ò jẹun, kò sùn. Ọlọ́run ló yọ wá, ara Màmá àgbà yá. Ó sì ń wọ aṣọ náà lọ sóko, lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, títí ó fi gbó mọ́ ọn lára.

Bó ṣe di pé kò ní ìpò mọ́ nìyẹn, ọwọ́ rẹ̀ ò sì lè hunṣọ mọ́. Ó fi ìyá mi jókòó sídìí òfì. "Ìwọ lo ná tèmi, ìwọ ni wàá hun òmíràn." Ó bú u, ó tú ohun tó hun, ó ní kó tún un hun. Nígbà tí ọjọ́ Màmá àgbà wá dé lóòótọ́, iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ Ígálà ni wọ́n ta sí iwájú ilé wa. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi fọwọ́ pa aṣọ náà lára, ó ní, "Ìyàwó, má bínú sí mi."

Ẹ̀yin ọmọ, ayé ti yí padà. Ẹ bá mi wá òfì kan ní gbogbo Ganaja yìí, kí n rí i. Nínú gíláàsì ni wọ́n ń pa irú aṣọ bẹ́ẹ̀ mọ́ báyìí, àwọn èèyàn á yà á ní fọ́tò, wọ́n á kọjá, ọkàn ẹnikẹ́ni ò já. Èmi ò sì lè bá yín wí, torí ìwé ni wọ́n ní kí n mọ̀, mo sì mọ̀ ọ́n, mi ò kọ́ aṣọ híhun.

Ìyá mi ṣì wà láàyè, ẹ̀yin náà mọ̀, ojú rẹ̀ ni kò ríran mọ́. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ní, "Èmi hun ti ìyá ọkọ mi. Ta ló ń hun tèmi?" Ó mú ọwọ́ mi, ó fọwọ́ tọ́ ìka mi wò lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ rọ̀ múlọ́múlọ́. Ó ní, "Kò burú, ọmọ mi," ó sì fi ọwọ́ mi sílẹ̀.