Orúkọ Tí N Kò Kọ Sínú Ìwé Oògùn

Ẹ̀sùn mẹ́rin ni mo kọ ránṣẹ́ sí ìgbìmọ̀ ìjọ lẹ́yìn kámpù àwọn ọ̀dọ́ tí a ṣe ní Ìlọrà, nígbà ọlidé gígùn kan láàárín àwọn ọdún 1990. Wọ́n ki ṣíbí bọ ẹnu ọmọdébìnrin tí wárápá gbé ṣánlẹ̀, eyín rẹ̀ kan sì kán. Àwọn àgbàlagbà sá fún itọ́ rẹ̀. Wọ́n gbàdúrà tán kí wọ́n tó wá mọ́tò. Kò sì sí nọ́ọ̀sì kankan nínú ọgbà. Òótọ́ ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, n kò sì yí ọ̀kan padà títí dòní.

Ìkarùn-ún ni n kò kọ.

Èmi ni wọ́n fi oògùn àwọn ọmọ sí lọ́wọ́, nítorí pé mo wà ní yunifásítì. Mo fi rúlà fa ìlà sínú ìwé: orúkọ ọmọ, oògùn rẹ̀, àkókò tí yóò lò ó. Lọ́jọ́ tí a wọlé, ìyá ọmọdébìnrin náà, tíṣà kan láti Fìdítì, pè mí sẹ́yìn ilé ìdáná. Ó tú etí ìró rẹ̀, ó kó oògùn wárápá lé mi lọ́wọ́.

"Alaalẹ́ ni o. Jọ̀wọ́, má kọ ọ́ sínú ìwé yẹn. Obìnrin ni, yóò lọ sílé ọkọ lọ́jọ́ kan."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Mà. Kò ní ti ẹnu mi jáde."

Mo mọ̀ pé kò tọ́. Ṣùgbọ́n inú mi dùn pé àgbà fọkàn tán mi.

Lọ́jọ́ kẹrin, mo lọ kí ẹ̀gbọ́n mi ní Ọ̀yọ́, mo sùn síbẹ̀ lálẹ́ méjì. Ìyá tó ń se oúnjẹ ni mo kó ìwé náà àti àwọn oògùn tó wà nínú rẹ̀ lé lọ́wọ́, ó sì tẹ̀lé e láìyẹsẹ̀. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ọmọ náà wá bèèrè mi.

"Mo ní, kí lo fẹ́ gbà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n yín? Ó ní, kò sí, Mà."

Níbi ìsìn òwúrọ̀ ọjọ́ kẹfà ni ọmọ náà ti ṣubú, lójú gbogbo àwọn tí ìyá rẹ̀ ń fi í pamọ́ fún.

Ìyá ọmọ náà dé lọ́sàn-án. Ó ní kí n mú ìwé wá. Ó fi ìka tọ orúkọ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó sì pa á dé.

"Èmi ni mo ní kí o má kọ ọ́. Ẹ̀bi mi ni."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Mà."

Oògùn náà wà nínú àpò tí mo gbé kọ́ èjìká. Mo ti gbé e lọ sí Ọ̀yọ́, mo tún gbé e bọ̀. N kò tọrọ àforíjì. Lẹ́tà ni mo lọ kọ.