Òpó tí A Kò Rì ní Abúlé Adó

Nígbà tí òórùn ọ̀dà kò tíì kúrò lára ilé Festac, tí àwọn ológun sì ń ṣèlérí pé àwọn yóò gbé ìjọba fún alágbádá, èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kan tó ń wá wúrà, bàbà àti òjé lábẹ́ ilẹ̀. Ìhà Ilẹ̀ṣà ni a ti ń gbẹ́lẹ̀. Àmùwò ni a ń kó ẹ̀rọ pamọ́ sí.

Ẹ̀rọ tuntun kan dé láti òkè òkun. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti dún bí ó bá gba orí irin tàbí bàbà kọjá, kí a lè mọ ibi tí a ó gbẹ́. Ọ̀gá wa, Ẹnjiníà Bánkọ́lé, ní kí a lọ dán an wò ní pápá kan létí Abúlé Adó. A ri páànù bàbà kan mọ́lẹ̀, kí a lè wò ó bóyá ẹ̀rọ yóò rí i. Kò sí ẹni tó rántí tọrọ àyè lọ́wọ́ onílẹ̀.

Bẹ́ẹ̀, láàárín wa, ẹni tó ri nǹkan mọ́ ilẹ̀ onílẹ̀, bí kò bá ri oògùn, ààlà ló rì. Kí a tó gbọn ọwọ́, ará abúlé ti yí wa ká. Bàbá Sùbérù, olórí ẹbí tó ni ilẹ̀ náà, wá dúró lé ibẹ̀ gan-an.

"Kí lẹ rì síbí?"

"Páànù lásán ni, Bàbá," ni Bánkọ́lé wí. "Iṣẹ́ wúrà là ń ṣe."

Ìyá Rísí, àbúrò bàbá náà, pàtẹ́wọ́. "Ẹ gbọ́ o! Wọ́n gbin páànù, wọ́n fẹ́ kórè wúrà!"

Bánkọ́lé ní kí a máa bá iṣẹ́ lọ. Mo ní, "Ọ̀gá, a kò ní ṣe é, àfi bí a bá hú u lójú onílẹ̀." Àwọn ènìyàn mi ju ṣọ́bìrì sílẹ̀.

"Akọ̀wé, ṣé ìyanṣẹ́lódì nìyẹn?"

"Orúkọ tó bá wù yín ni kí ẹ pè é, sà."

A hú páànù náà. Ìyá Rísí gbọn iyẹ̀pẹ̀ ara páànù náà dànù. Bí a ti ń gbé ẹ̀rọ padà, ó tún dún, nídìí igi àgbọn. Ẹyọ kan ṣoṣo sì ni a rì.

"Páànù yín ti bímọ!" ni Ìyá Rísí kígbe.

"Ẹ̀rọ tuntun a máa ṣìṣe," ni Bánkọ́lé wí. "Ẹ jẹ́ ká máa lọ."

Bàbá Sùbérù wò ó títí. "Kí lo ń sá fún, ọmọ mi?"

Àwa òṣìṣẹ́ fúnra wa la gbẹ́ ibẹ̀. Òpó kọnkéré kékeré ni a bá, irin nínú rẹ̀, lẹ́tà àti nọ́ńbà lórí rẹ̀: irú èyí tí àwọn awọnlẹ̀ máa ń rì sí igun ilẹ̀ tí ẹnìkan ti gbà. Ẹbí Sùbérù kò ta ilẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Bàbá náà wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan; kò gbà pé a kò mọ̀. Bí mo bá jẹ́ òun, èmi náà kò ní gbà.

Ilé-iṣẹ́ lé èmi àti àwọn tó ju ṣọ́bìrì sílẹ̀. Ẹbí náà hú òpó, ilẹ̀ sì wà lọ́wọ́ wọn títí bàbá fi kú. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju eéje lọ. Pápá pọ̀ ní Àmùwò nígbà náà. Kí ló dé tó fi jẹ́ ibẹ̀ ni Bánkọ́lé ní kí a lọ? Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, mo pàdé Bánkọ́lé ní Apple Junction, mo bi í pé ta ló ri òpó yẹn. Ó ní àwọn ọmọ mi ńkọ́.

Iwájú ilé Sùbérù ni òpó náà wà dòní. Àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ ń jókòó lé e. Bí mo bá ń kọjá, mo máa ń tẹ̀ba ka àwọn lẹ́tà ara rẹ̀. N kò tíì mọ orúkọ ẹni tí wọ́n dúró fún.