Ọ̀nà Tí Mọ́tò Ò Lè Gbà

Ẹni tó bá fẹ́ mọ Bàbá Dírébà, kó wo bó ṣe ń jókòó nídìí oúnjẹ. Ó ti pẹ́ tó ti fi iṣẹ́ bọ́ọ̀sì sílẹ̀, síbẹ̀ ọwọ́ méjèèjì á wà lórí tábìlì bí ẹni di sítíárì mú, ẹsẹ̀ ọ̀tún á sì máa tẹlẹ̀ bí oúnjẹ bá pẹ́. Ìyàwó rẹ̀ á ní, "Ẹ tẹ bíréèkì o, ọbẹ̀ ń bọ̀."

Lọ́sàn-án ọjọ́ yìí, ètò ìrìn ló wà lórí tábìlì. Àbígbẹ̀yìn rẹ̀, ọmọbìnrin tó kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ti ríṣẹ́ sílùú òkèèrè, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ló máa lọ. Ohun kan ṣoṣo ló tọrọ kó tó lọ: kí bàbá òun bá òun rìn nínú igbó tí ìjọba yà sọ́tọ̀ fún àwọn ẹranko. Àwọn méjèèjì péré. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, ọ̀rọ̀ kékeré kọ́ nìyẹn. Nígbà tí ọmọ yìí ń dàgbà, títì ni bàbá rẹ̀ ń gbé. Kó tó jí, bàbá ti jáde. Kí bàbá tó dé, ó ti sùn.

Inú Bàbá Dírébà dùn débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ìbéèrè pa ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì igbó náà lórí fóònù. Ibo ni ibòòji wà? Ṣé ejò wà níbẹ̀? Ẹ̀ṣọ́ ní kí wọ́n gba ọ̀nà adágún odò, kò gùn, kò ṣòro, bẹ́ǹṣì wà níbẹ̀ fún àgbà. Kí wọ́n sáà tètè dé kí oòrùn tó mú.

Ló bá pe ọmọ. "Ó ti parí! Ní ìdájí, màá gbé ẹ dé géètì, wàá sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀nà mọ́tò kan wà tó yí ẹ̀yìn igbó dé etí adágún. Èmi á gbabẹ̀. Tó o bá fi máa rìn dé, wàá bá mi níbẹ̀ pẹ̀lú omi tútù."

"Ẹ ṣé, Bàbá," ni ọmọ wí. Ó palẹ̀ àwo mọ́, ó sì wọ yàrá rẹ̀ lọ.

Ìyàwó rẹ̀, tó ń ká aṣọ lórí àga, yíjú sí i. "Ta ló ní kẹ́ ẹ gbé òun?"

"Kí ló burú níbẹ̀?"

"Ọmọ ní kẹ́ ẹ bá òun rìn, ẹ̀ ń wá ọ̀nà mọ́tò. Háà! Ṣé èrò ọkọ̀ ni lójú yín?"

"Orúnkún mi ńkọ́?"

"Orúnkún tó gbé yín lọ wo bọ́ọ̀lù lánàá?"

Bàbá Dírébà fọwọ́ ra orúnkún rẹ̀. Ká má parọ́, kì í ṣe orúnkún. Ẹ̀rù ló ń bà á. Wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà, títì sì ni òun kọjú sí láti ìgbà èwe ọmọ yìí. Bí ọmọ bá bi í pé, "Bàbá, ibo lẹ wà nígbà yẹn?" kí ló máa sọ? Ojú tì í.

Ó dìde, ó kanlẹ̀kùn yàrá. Ọmọ jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, àpótí ìrìn-àjò ṣí sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Mo ti yí ètò padà," ló wí. "Ẹnu géètì la máa fi mọ́tò sí. Èmi náà á rìn."

"Orúnkún yín ńkọ́?"

"Ó ń dùn mí díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ló ń bà mí jù. Mi ò mọ ohun tí mo máa bá ẹ sọ."

Ọmọ pa àpótí rẹ̀ dé. "Èmi náà ò mọ̀ ọ́n, Bàbá." Ó gbé àpótí sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kí bàbá rẹ̀ lè ríbi jókòó. "Ọ̀nà yẹn kúrú o. Ká tó mọ̀, ó ti tán."

"Rárá," ni bàbá rẹ̀ wí, ó sì jókòó tì í. "A ó rọra rìn."