Ìyá Mi Kò Jẹ́ Ká Rí Orin Gbà Sílẹ̀

Báńdì wa kò ní ọ̀gá, kò ní ilé-iṣẹ́ lẹ́yìn. Pálọ̀ màmá mi ní àdúgbò Gadumo la sọ di ilé orin. Èmi ni mò ń ta gìtá, ọmọbìnrin Ígálà kan ló ń kọrin, onílù wa sì ń wá láti àdúgbò Lokongoma. Orin rọ́ọ̀kì là ń ṣe. Màmá mi ní ariwo àwọn tí ebi ń pa ni.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, kò sáyè àwàdà. Ìjọba ti gbé iṣẹ́ onílù wa lọ sí Sókótó, ọ̀la ló sì ń lọ. Orin tuntun wa kan ṣoṣo ló kù tí a ò tíì gbà sílẹ̀. Bí ọjọ́ náà bá fi kọjá, ó parí nìyẹn. Inú mi bà jẹ́ gidigidi, mo kàn ń fi yẹ̀yẹ́ bò ó ni.

Ìbẹ̀rẹ̀ orin ni wàhálà. Olórin wa á kọ́kọ́ pariwo pé "Òkun o!", bí àwa ará Òkun ṣe ń kí ara wa, onílù á sì wọlé. Ó pariwo. Màmá mi dáhùn láti ilé ìdáná: "Òkun o, ọmọ mi! Ṣé dáadáa lo jí?"

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe máa ń dáhùn nígbà tí a bá ń dánra wò, a ó sì fi rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n máìkì ti wà ní títàn báyìí. A tún un ṣe, wọ́n tún dáhùn. Mo lọ bá wọn.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dáhùn mọ́. Ẹ̀yin kọ́ là ń kí."

"Ta wá lẹ ń kí? Ògiri? Kí ọmọ ọlọ́mọ kí mi nínú ilé mi, kí n ṣe bí ẹni tí kò gbẹ́kọ̀ọ́? Olúwa má jẹ̀ẹ́!"

Mo bá pa irọ́ gidi kan. Mo ní àbúrò wọn tó ń gbé ní àdúgbò Crusher ń béèrè wọn. Kíá, wọ́n ti wé gèlè, wọ́n wọ kẹ̀kẹ́ lọ. A rẹ́rìn-ín títí.

Olórin tún pariwo. Ilé dákẹ́ jẹ́ẹ́. Onílù gbé igi ìlù sókè, kò lù ú.

"Kí ló dé?"

"Mo ń dúró de Màmá ni."

Háà! Àṣé ẹ̀yìn ìdáhùn màmá mi ló ti ń wọlé látọjọ́ yìí. A gbìyànjú títí: bí kò bá yá jù, á pẹ́ jù. Èmi òpùrọ́ náà ni mo lọ bẹ̀ wọ́n ní Crusher.

Wọ́n dé, wọ́n fajú ro, wọ́n jókòó ti máìkì. Olórin pariwo: "Òkun o!" Wọ́n panu mọ́.

"Ẹ ní kí n má dáhùn. Mo ti gbọ́."

A bẹ̀ wọ́n títí, wọn ò tiẹ̀ wò wá. Ni onílù bá fi igi ìlù sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ níwájú wọn. Ti orin kọ́ mọ́.

"Màmá, òkun o. Ọ̀la ni mò ń lọ."

Màmá mi wò ó. "Òkun, ọmọ mi." "Ta ni n ó wá máa gbé oúnjẹ sílẹ̀ dè báyìí?"

Kò sẹ́ni tó pa máìkì. Onílù dìde tòun ti omijé lójú, ó mú igi ìlù, ó sì wọlé síbi tó yẹ kó wọlé gan-an.