Ó Yé Mi, Bàbá

Ọjọ́ tí wọ́n lẹ èsì ìdánwò mọ́ ògiri ilé ẹ̀kọ́ gíga wa ní Savalou, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo wá orúkọ Sàlámátù lórí ìwé náà. N kò rí i. Mo bọ́ awò ojú mi, mo nù ún, mo tún wá a lẹ́ẹ̀kan sí i.

Iṣẹ́ mi ni láti ran àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló wá láti abúlé ìhà Bantè: Pira, Gouka, Bobè. Ní ilé ẹ̀kọ́ girama, olùkọ́ mọ orúkọ wọn. Lọ́dọ̀ wa, wọ́n á kún inú gbọ̀ngàn kan bámúbámú, ọ̀jọ̀gbọ́n á máa sáré sọ Faransé níwájú, kò sì sí ẹni tí yóò bi wọ́n bóyá wọ́n ń bá a lọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fún mi ní yàrá kan, pátákó kan àti ìwé àkọsílẹ̀ kan. Ẹni tí ẹ̀kọ́ bá rú lójú á wá bá mi lọ́sàn-án, mo á là á yé e, mo á sì kọ ọ́ sílẹ̀ bóyá ó yé e tàbí kò yé e. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún iṣẹ́ náà. Ilé kéwú ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Alfa mi fúnra rẹ̀ ló fà mí lọ́wọ́ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ìjọba.

Ọmọ Gouka ni Sàlámátù. Ìṣirò ló ń dà á láàmú, kì í sì í pa ọjọ́ kan jẹ. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ ló ti sọ fún mi pé, "Bàbá, ọdún kan ni bàbá mi fún mi. Bí n kò bá yege, ó ní kí n máa bọ̀ nílé."

"Wàá yege, lágbára Ọlọ́run."

"Àmín, Bàbá."

Bí mo bá ti ṣàlàyé tán, mo á bi í pé, "Ṣé ó yé ọ?"

"Ó yé mi, Bàbá."

Mo á kọ ọ́ sínú ìwé. Nígbà tí sáà dé ìdajì, mo kọ lẹ́tà sí bàbá rẹ̀ pé gbogbo ẹ̀kọ́ ló ń yé ọmọ rẹ̀.

Ìyá Ṣẹ́rífátù tó ń gbálẹ̀ fún wa ti sọ mí lórúkọ. "Bàbá Ó-yé-mi, ẹ kú iṣẹ́ o! Gbogbo wọn ló ń yé. Ṣé kò sí olódo kankan ní Bantè ni?"

"Ọlọ́run ló ń bù kún iṣẹ́ wa."

"Ẹ máa bá a lọ. Èmi tí mò ń gbá ẹnu ọ̀nà, mò ń rí ojú wọn bí wọ́n bá jáde."

Mo fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn èsì, Sàlámátù wá kí mi. Inú ń bí mi. "Ṣebí o ní ó yé ọ?"

Ilẹ̀ ló ń wò. "Bàbá, ẹ ti ṣàlàyé títí òógùn fi bò yín. Báwo ni mo ṣe fẹ́ wo ojú àgbà, kí n ní ohun tó sọ kò wọlé?"

"Láti ìgbà wo ni kò ti yé ọ?"

"Láti ọ̀sẹ̀ kejì."

Mo jókòó. Ọmọ Bantè lèmi náà. Ẹ̀kọ́ ilé kan náà ni ìyá mi kọ́ mi. Alfa tó tọ́ mi kò sì béèrè rí bóyá ó yé wa. "Kà á sí mi létí," ni yóò sọ. Ẹni tí kò bá lè kà á kò gbọdọ̀ fọ wàláà rẹ̀ láti kọ ẹ̀kọ́ tuntun sí i. Mo mọ èyí, mo sì gbàgbé rẹ̀ ní kété tí wọ́n fún mi ní ìwé àkọsílẹ̀.

Mo gun alùpùpù lọ sí Gouka láti bẹ bàbá rẹ̀ pé kó jẹ́ kó tún ọdún náà ṣe. Ó fún mi lómi mu, ó gbọ́ mi dópin, ó wọlé, ó sì mú lẹ́tà mi jáde.

"Tísà, ẹ ṣeun. Ṣé ọwọ́ yín nìyí?"

"Ọwọ́ mi ni."

"Ẹ ní gbogbo rẹ̀ ló yé e. Bó bá jẹ́ pé kò yé e ni, ǹ bá ní kó tún lọ. Ṣùgbọ́n ó yé e, kò sì yege. Ìwé kì í ṣe tirẹ̀ nìyẹn."

Mo ní èmi ni mo ṣe àṣìṣe. Ó rò pé mò ń fi ara mi bo ọmọ náà láṣìírí ni. Ó yìn mí fún inúure mi.

Láti ìgbà náà, n kì í bi akẹ́kọ̀ọ́ bóyá ó yé e mọ́. Ṣọ́ọ̀kì ni mo máa ń nà sí i: "Ó kàn ọ́. Kọ́ mi." Àwọn kan ti tipa bẹ́ẹ̀ yege, alihamdulilahi. Ṣùgbọ́n nígbàkígbà tí wọ́n bá ń yọ̀, ọ̀nà Gouka ni ọkàn mi ń lọ.

Mo kọjá níbẹ̀ láìpẹ́ yìí. Sàlámátù wà lẹ́bàá títì, ó ń ta bẹntiróò inú ìgò. Ó kúnlẹ̀ kí mi.

"Sàlámátù, ṣé àlàáfíà ni?"

"Àlàáfíà ni, Bàbá."

Ohùn "Ó yé mi" náà ló fi sọ ọ́. Ṣọ́ọ̀kì wà nínú àpò mi, ọwọ́ mi sì ti bà á, ṣùgbọ́n n kò rí ohun tí mo lè ní kó fi kọ.