Ọ̀rọ̀ Tí Mo Fi Sí Bàbá Mi Lẹ́nu

Irun ni mò ń dì fún ọmọ mi obìnrin lọ́jọ́ tí ìròyìn náà dé. Ọyẹ́ ti bo Ìfọ̀nyìn láti ìdájí, àwọn igi ọ̀pẹ ẹ̀yìn ilé wa sì dà bí àlejò tó dúró lọ́ọ̀ọ́kán tí kò fẹ́ wọlé. Ọmọ náà jókòó sáàárín ẹsẹ̀ mi, ó ń tòògbé, orí rẹ̀ ń yẹ̀ sórí itan mi. Èmi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ máa sùn. Ọwọ́ mi nìkan ló lajú.

Nígbà yẹn, ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ ní Kútọnu. Yàrá tó ń gbé kò tíì gba ìyàwó àti ọmọ, mo sì ti padà sọ́dọ̀ àwọn òbí mi fúngbà díẹ̀. Òmìnira ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Tí mo bá rántí ọdún náà báyìí, mi ò rántí ariwo kankan, àfi bí ẹni tó ń rìn nínú kùrukùru, tó ń gbọ́ ohùn èèyàn kó tó rí ojú wọn.

Obìnrin kan tó ń ta gààrí ní Igolo, lẹ́bàá ibodè, ló já wọ àgbàlá wa. Kò tilẹ̀ kí wa.

"Ẹ jáde o! Wọ́n ti mú ọmọkùnrin yín!"

Ìyá mi yọ láti ilé ìdáná. "Ta ló mú un? Kí ló ṣe?"

"Àwọn aṣọ́bodè ni. Ó mutí yó, ó gun igi tí wọ́n fi dábùú ọ̀nà bí ẹni gun ẹṣin, igi sì dá mọ́ ọn nídìí. Igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ní àwọ̀ àsíá!" Mo rí i tí ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ó gbé e mì. "Ó tún ṣí fìlà ọ̀gá wọn, ó jù ú sínú ẹrẹ̀. Ó ní ìyá ìyá òun kì í tọrọ ọ̀nà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kó tó lọ ta èlùbọ́ ní Ìdíròkò."

"Ọmọ mi kì í mutí," ni ìyá mi wí.

Obìnrin náà wolẹ̀. Èmi náà wolẹ̀.

Gbogbo wa la mọ̀. Iṣẹ́ aláàrù ni àbúrò mi ń ṣe ní ibodè, sódábì ni wọ́n sì fi ń kí ara wọn níbẹ̀ láàárọ̀, ọtí tí wọ́n ń sè láti inú ẹmu, tó mọ́ bí omi tó sì ń jó bí iná. Bàbá mi ló máa ń pe ìrun ní mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa. Nílé wa, ẹnikẹ́ni kì í dárúkọ ọtí. Tí àbúrò mi bá wọlé tó ń ta gọ́ọ́gọ̀ọ́, ìyá mi á ní ibà rẹ̀ ti dé, á gbé ẹní sílẹ̀ fún un. Bàbá mi á yí ojú sí ògiri. Èmi á bu omi. Ọdún méjì la fi tọ́jú ibà yẹn.

Wọ́n ti mú un wá sí ọ́fíìsì ìjọba ní ìlú wa, ọkọ̀ àwọn jàndáàmù, ọlọ́pàá ìjọba, yóò sì gbé e lọ sẹ́wọ̀n ní Àjàṣẹ́ lọ́sàn-án. Bàbá mi wọ agbádá funfun, ó ránṣẹ́ pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó wá kọjú sí mi.

"Ìwọ lo gbọ́ Faransé. Ìwọ ni wàá gbẹnu wa sọ̀rọ̀."

Mo so gèlè mọ́ orí ọmọ mi, ìdajì dídì, ìdajì títú, mo fà á lọ́wọ́, a jọ lọ.

Lójú ọ̀nà, mo rántí ìwé kan tí mo kà lára ilẹ̀kùn ilé ìwòsàn nígbà tí mo gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́. Ìgbìmọ̀ agbègbè wa ló kọ ọ́. Wọ́n ní ẹ̀wọ̀n Àjàṣẹ́ ti kún, wọ́n ní àwọn tó ń tibẹ̀ bọ̀ ń burú ju bí wọ́n ṣe lọ. Wọ́n ní láti ìsinsìnyí lọ, ẹni tó bá ṣẹ̀ nítorí ọtí tàbí àìsàn orí, tí kò bá ti ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, wọn yóò kọ́kọ́ gbìyànjú láti wò ó sàn nílùú rẹ̀. Mo kà á jáde fún àwọn ìyá tó wà lórí ìlà lọ́jọ́ náà. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ìjọba tó ń fún ọ̀mùtí ní oògùn, kò ní pẹ́ fún olè ní àkàrà." A rẹ́rìn-ín gan-an.

Ọ́fíìsì náà tutù, ó ń rùn bí ọ̀dà tuntun. Àbúrò mi wà lórí pákó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ẹrẹ̀ ti gbẹ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Kò wò wá. Ọ̀gá agbègbè ń kọ̀wé. Ọmọ ilẹ̀ òkè lọ́hùn-ún ni, ọ̀dọ́, kò gbọ́ èdè wa rárá, jàndáàmù tó dúró tì í náà kò gbọ́ ọ. Ògbufọ̀ wọn ti lọ sí Sákété. Bàbá mi àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí sìmẹ́ńtì. Ọ̀gá náà fò dìde. "Non, non, levez-vous, papa!" Ó fúnra rẹ̀ tẹ̀ ba, ó gbé bàbá mi dìde, ó ń gbọn eruku agbádá rẹ̀. Mi ò rí irú rẹ̀ rí.

Ó wá bi wá ní ìbéèrè kan ṣoṣo, mo sì túmọ̀ rẹ̀ fún wọn bó ṣe wí i gẹ́lẹ́.

"Ó ní ṣé ọmọ yín ń mutí? Ó ní tó bá ń mu ún, tí ẹ̀yin ilé rẹ̀ sì jẹ́rìí sí i, yóò sùn nílé, ilé ìwòsàn yóò máa tọ́jú rẹ̀. Ó ní tó bá jẹ́ pé ojú rẹ̀ mọ́ nígbà tó ṣẹ́ igi ìjọba, ẹ̀wọ̀n ni."

Ọkàn mi fúyẹ́. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti bùṣe.

Bàbá mi wúkọ́. "Sọ fún un pé ọtí ò kan ẹnu ọmọ mi rí. Sọ pé ìbínú ọmọdé ni. A gba ẹ̀bi, a ó gé igi mìíràn."

"Bàbá, tí a bá sọ bẹ́ẹ̀, ẹ̀wọ̀n ni."

"Ẹ̀wọ̀n á tán. Orúkọ kì í tán."

"Ọmọ yìí," ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi wí, "ìwé tó o kà nílé ẹ̀kọ́, túmọ̀ ni kó o fi túmọ̀, má fi bá wa jiyàn."

Níta, wọ́n ti ń ta ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ náà jí. Mo wo àbúrò mi. Ọrùn rẹ̀ ti tínrín, bí ìgbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ tí mo máa ń pọ̀n ọ́n kọjá odò. Mo la ẹnu. Ohùn tó jáde kò dà bí tèmi, ó jìnnà, bíi ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lójú oorun.

Mo sọ ọ́ ní Faransé: "Bàbá mi ní ọmọ òun ń mutí. Ó ní ó ti tó ọdún méjì. Ó ní ìtìjú ni kò jẹ́ kí òun wí i. Ó ní kí ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ bá òun wò ó sàn."

Àbúrò mi gbọ́ Faransé díẹ̀ láti ibodè. Ó gbé orí sókè. Ó wo bàbá wa, ó wò mí. Ó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ méjèèjì, ó sì mọ èyí tó ti ẹnu ta wá. Nígbà tí ọ̀gá bi í bóyá òótọ́ ni, ó ní "Wi," bẹ́ẹ̀ ni, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀.

Ọ̀gá kọ ọ́ sínú ìwé. Ó wá fi ọwọ́ méjèèjì di ọwọ́ bàbá mi mú, ó ní bàbá tó nígboyà rèé. Bàbá mi rò pé agbádá òun ló ń bọ̀wọ̀ fún. Ìpinnu wọn ni pé kí àbúrò mi máa lọ sílé ìwòsàn láràárọ̀, kó mu oògùn lójú àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀, kó lọ tún igi ibodè náà ṣe, kó sì máa kó ìdọ̀tí ojú àgbàrá títí òjò yóò fi dé. Tó bá sá, ọkọ̀ á wá. Mo túmọ̀ gbogbo rẹ̀ fún bàbá mi, àmọ́ oògùn ibà ni mo pe oògùn ọtí náà.

"Ṣé o sọ ọ́ bí mo ṣe wí?" ni bàbá mi bi mí lójú ọ̀nà.

"Mo sọ ọ́, Bàbá."

"O rí i? Wọ́n mọyì wa."

Lọ́jọ́ kẹta tí ọtí kò kan ẹnu rẹ̀, àbúrò mi kò lè dìde. Gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n, ó ń bá àwọn tí kò sí nínú yàrá sọ̀rọ̀. Olùtọ́jú ilé ìwòsàn, tí gbogbo wa ń pè ní dókítà, gun kẹ̀kẹ́ wá. Ọmọ Kétu ni, ohùn rẹ̀ a máa kún àgbàlá.

"Bàbá, ẹ kú ìnira o! Mo ti ka ọ̀rọ̀ yín nínú ìwé ọ̀gá. Ẹ jẹ́wọ́ pé ọmọ yín ń mutí! Bàbá mìíràn ì bá bò ó mọ́lẹ̀ títí ọmọ á fi kú."

Bàbá mi wò mí. Mo rò pé ilẹ̀ ń lọ lábẹ́ mi díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn dúró sínú omi tó ń ṣàn.

"Inú yàrá ló wà," ló sọ fún ọkùnrin náà. "Ẹ wọlé."

Láti ọjọ́ náà, tí mo bá kúnlẹ̀ kí i láàárọ̀, kì í dá mi lóhùn. Ìyá mi pẹ̀lú ń gbé oúnjẹ fún mi láìsọ̀rọ̀. Àbúrò mi nìkan ló ń bá mi ṣeré. "Ẹ̀gbọ́n," ni yóò wí, bí eyín rẹ̀ ṣe ń lu ara wọn, "ẹ túmọ̀ fún oògùn yìí kó yé e pé ó korò."

Nígbà tó lè rìn, ó ń tijú àtijáde. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo àwọn obìnrin tó ń lọ sọ́jà. Bàbá mi jáde, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú bí ẹni mú ọmọdé lọ sílé kéwú, wọ́n sì gba àárín ọjà kọjá. Èmi àti ọmọ mi ń tẹ̀ lé wọn. Ẹnìkan kígbe láti ìsọ̀ aṣọ, "Bàbá, ibo lẹ ń lọ láàárọ̀ yìí?"

"Mo ń mú ọmọ mi lọ gba oògùn ọtí," ni bàbá mi dáhùn. Kò dẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

Ìwòsàn náà kò rọrùn. Àbúrò mi ṣubú lẹ́ẹ̀mejì lásìkò òjò, dókítà sì lọ wá a rí ní Daagbé láìpe jàndáàmù. Ṣùgbọ́n kò dé Àjàṣẹ́.

Láàárọ̀ tí bàbá mi mú un gba ọjà kọjá yẹn, ọmọ mi fa ìró mi. "Màmá, kí ló dé tí bàbá àgbà kì í dá yín lóhùn?"

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sí i. Mo sọ fún un pé mo purọ́ mọ́ bàbá àgbà, ọ̀rọ̀ tí kò sọ ni mo fi sí i lẹ́nu.

"Ṣé irọ́ dáa?"

"Kò dáa," ni mo wí. "Mo máa bẹ̀ ẹ́ títí yóò fi dá mi lóhùn. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá tún fẹ́ gbé àbúrò mi lọ lọ́la, màá tún pa irọ́ náà."